Agbárí Lábẹ́ Igi Kaṣú

Lóko wa lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo ni mo ti rí i,
iná pápá ti jó kọjá, òjò àkọ́rọ̀ ti fọ eérú.
Ó kéré. Àtẹ́lẹwọ́ mi gbà á tán.

Jíbọ́lá ní ewúrẹ́ ni,
ewúrẹ́ Ìyá Ráfátù tó já okùn ní àìsùn Iléyá.
Mo fẹ́ gbà. Ó rọrùn láti gbà.

Bàbá Àjíbóyè fi àdá sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.
Mo ní kò sí eyín lókè iwájú.
“Ewúrẹ́ náà ò ní. Má jẹ́ kí ìyẹn tàn ọ́.”
Àtàǹpàkò rẹ̀ rọra wá nǹkan níwájú ihò ojú:
kòtò kan, bí ibi tí ọmọdé ti ìka bọ ẹ̀kọ tútù.
“Ibí ni òórùn rẹ̀ ń gbé,
èyí tó ń fi ra igi pé òun kọjá.
Ewúrẹ́ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

Ìwo ti bọ́ èèpo. Egungun inú rẹ̀
kúrú, ó tọ́, ó sùn sẹ́yìn bí ẹni ń sá.
Ojú rírán orí, wọ́gọwọ̀gọ, kò tíì pa pọ̀.
“Ọmọdé ni.”

Ẹtu ni àbí èsúró?
Ó dákẹ́ pẹ́.
“Awọ ni ìbá sọ. Iná ti jẹ awọ.”

A ò tíì rí ẹnu sọ ọ́ fún Ìyá Ráfátù
pé ewúrẹ́ kọ́ la rí.
Okùn jíjá ṣì wà lára èèkàn;
ó ní kẹ́nikẹ́ni má tú u.