Ọlá Sún

Wákàtí mọ́kànlá lójú sánmà, ẹsẹ̀ mi wú bí búrẹ́dì inú omi.
A bọ́ sílẹ̀ ní Ṣikágò, wọ́n ní ká tò.
Mo ti tò rí. Mo tò fún kẹrosíìnì,
mo tò fún owó ìfẹ̀yìntì tí kò dé,
àmọ́ n ò tíì rí ìtò tó lọ́ bí ìfun ewúrẹ́ báyìí:
ẹni tí mo ti fi sẹ́yìn
ló tún ń kọjú sí mi, tó ń rẹ́rìn-ín ẹni tó ti rẹ̀.
Ọmọ ọwọ́ kan ń ké, ìyá rẹ̀ ń fi ìwé ìrìnnà fẹ́ ẹ.
"Sún díẹ̀," ni mo wí fún àpò mi, mo fi ẹsẹ̀ tì í.

Ó kàn mí.
Aṣọ́bodè ṣí ìwé,
ó wo fọ́tò, ó wo èmi, ó tún wo fọ́tò.
"Ọlá... sún..."
Ó fà á bí ẹni ń fa garawa nínú kànga,
okùn já mọ́ ọn lọ́wọ́.
Ọlásúnkànmí ni bàbá mi sọ mí.
Ọmọ yìí gé e láàárín: ọlá sún,
kò sọ ibi tó sún dé.

Ó ní kí n gbé ìka lé gíláàsì tó ń tàn. Ẹ̀rọ kọ̀.
Àtàǹpàkò nìkan. Ẹ̀rọ kọ̀.
Ó ní kí n fi ìka pa iwájú orí, kí òógùn mú un rọ̀.
Mo di orí mi mú nílẹ̀ àjèjì bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́.
Ẹ̀rọ kọ̀.
Ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní bíríkìlà.
Kò yé e. Mo to bíríkì lé bíríkì nínú afẹ́fẹ́,
mo fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gé sìmẹ́ǹtì tó yọ jù.
Ọdún méjìlélógójì. Ilé ìwé mẹ́ta ní Ìkirè,
ṣáláńgá ọjà, ilé olówó kan tí kò sanwó tán.
Ibẹ̀ ni ìlà ọwọ́ mi wà.
Kí wọ́n lọ ka ògiri.

Ó lu òǹtẹ̀: oṣù mẹ́fà.
Ajá aṣọ́bodè gbóòórùn ata gígún lára àpò mi,
ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àtẹ̀jíṣẹ́ Akínlàbí dé:
"Bàbá, yìnyín dá tírélà mi dúró ní Indiánà.
Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin búlúù. Ẹ má wọ takisí o."
Ọkọ̀ kékeré kan ló kọ́kọ́ gbé wa, kò ní dírẹ́bà.
Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn:
ta ni a ó bẹ̀ pé kó rọra?

Ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì náà tún nìyí. Ó pọ dọ́là márùn-ún mi jáde
bí ọmọ tó kọ ẹ̀kọ mímu.
Mo kì í bọ̀ ọ́, ó pọ̀ ọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń mí kanlẹ̀.
Obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri,
wọ́n kọ Rosálíà sáyà rẹ̀.
Ó gba owó náà, ó tẹ́ ẹ lórí itan, ó fi ọwọ́ lọ̀ ọ́,
ẹ̀rọ gbé e mì.
Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì sí mi lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kàn mí,
ó le, ó dán, bíi tèmi gan-an:
oògùn ìfọlẹ̀ ti jẹ ìka rẹ̀ tán.
Òun náà wo ọwọ́ mi. A ò ní èdè kan náà,
a ò sì wá a.

Ọkọ̀ ń sáré láàárín títì, mọ́tò lọ́tùn-ún, mọ́tò lósì.
Mo rí ilé bíríkì pupa kan, ihò èéfín rẹ̀ tẹ̀ sósì.
Ẹni tó kọ́ ọ kánjú lọ́jọ́ náà, bóyá òtútù ni.
Mo gbé ọwọ́ lé fèrèsé kí n fi wọ̀n ọ́n.
Nígbà tí mo mú un kúrò, ìka márùn-ún wà nínú ìrì,
kò sí ìlà kan nínú wọn, àmọ́ ọwọ́ mi ni.
Ẹnìkan fẹ́ jókòó.
Mo sún.