Ìjánu Já

Ní Dundee, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú.
Ẹyẹ òkun ń pariwo lórí òrùlé ilé ìwòsàn
bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.
Mo ti dígí pẹlẹbẹ kan sábẹ́ awò.
Nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀, kò sí orúkọ:
ẹ̀rún ara tí wọ́n rọra ha lọ́rùn ilé-ọmọ obìnrin kan
tó lè jẹ́ pé òun ló ta búrẹ́dì fún mi láàárọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe yé mi.
Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló gbé odidi ìwé sínú,
ìwé kan náà, ìlàjì ti bàbá, ìlàjì ti ìyá.
Ti ìpéǹpéjú kì í ka ojú ewé èékánná.
Ti ẹ̀dọ̀ kì í ka ti irun.
Ohun tí a bá ṣí là ń dà;
ohun tí a bá pa dé, àfi bí ẹni pé wọn ò kọ ọ́ rí.

Kòkòrò kan dé. Jíìnì mẹ́jọ péré ló dì sápò.
Láàárín ẹni méjì tó fẹ́ràn ara wọn ló gbà kọjá,
kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbà á lálejò
tí ara sì lé e jáde kí ọdún méjì ó tó pé.
Ó ní ìjánu tirẹ̀ lẹ́nu nígbà náà,
jíìnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa sọ fáwọn yòókù pé
ẹ rọra, ẹ má wó ilé onílé.

Ṣùgbọ́n èyí tí kò jáde,
lọ́jọ́ kan, ó já òrùka ara rẹ̀,
ó ya wọ àárín ìwé wa, ó rán ara rẹ̀ mọ́ ọn.
Ibi tó ti já gan-an ni ìjánu wà.
Ìjánu já.

Ẹ̀kẹfà àti èkeje bọ́ sóde.
Ẹ̀kẹfà wá ọlọ́dẹ lọ
(òun náà, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é, bí ẹni ẹ̀wọ̀n),
ẹni tí í dá sẹ́ẹ̀lì dúró lóru pé:
ìwé rẹ ti ya, tún un ṣe, àbí kí o kú.
Kò bá a jà. Ó lẹ àmì ìdọ̀tí mọ́ ọn lẹ́yìn,
àwọn agbálẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì sì gbá a dànù.
Èkeje di adènà lọ́wọ́ mú.
Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.
Ẹyọ kan di méjì, méjì di mẹ́rin, n ò kà á mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fìlà.
Fìlà bíńtín, káábọ̀nù kan, haidirójìn mẹ́ta,
tí wọ́n ń dé lé gbogbo gbólóhùn tó wí pé ó tó.
Wọn ò fa ojú ewé yẹn ya. Wọn ò pa á rẹ́.
Wọ́n kàn fa fìlà bò ó lójú ni.
Èyí ni kì í jẹ́ n sùn:
ọ̀rọ̀ tó lè gbà á là wà níbẹ̀, dúdú lórí funfun,
kò sẹ́ni tó ń kà á.

Mhairi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́n ń wá oògùn tí yóò ṣí fìlà.
Mo ní, ìgbà wo?
Ó bu ṣúgà sí tíì.

Nílé, Ìbídùnní àbúrò mi wà ní kíṣíìnì.
Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n ti kọ sí i pé kó wá ṣàyẹ̀wò.
Ó fi ọ̀kan há fèrèsé tí atẹ́gùn odò Tay ń mì.
Ọ̀kan wà lábẹ́ ife, tíì ti ya òrùka sí i lójú.
Ẹ̀kẹta, kò tíì ṣí i.
"Kò síbi tó ń dùn mí," ló wí.
Mo ní kì í dùn níbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń rí àyè nìyẹn.

Ó gbé kẹ́tùlù kaná. Ó hó, ó hó,
ó dún kọ́, ó pa ara rẹ̀.
Àwa méjèèjì ń wò ó.
Mo na lẹ́tà ẹ̀kẹta sí i, pẹ̀lú ọ̀bẹ bọ́tà.
Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.
Ó ní, "Ọjọ́ wo ni o kì í lọ síbi iṣẹ́?"