Gbé Fóònù Sílẹ̀ Lédè Potogí

Ogójì ọdún ni mo fi pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ
nílé-ìwé tó wà lẹ́yìn ọjà Odòjọmu, nílùú Òǹdó.
"Ẹ dìde." Wọ́n á dìde. "Ẹ jókòó." Àga á dún gbàràgàdà.
Ṣùgbọ́n Tiágò, ọmọ Moróunmúbọ̀ tèmi,
ọmọ tí wọ́n bí sí Lísíbọ̀n,
mo ní kó gbójú sókè kúrò lára fóònù,
ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tí òjò ń rọ̀ lórí páànù rẹ̀:
ó gbọ́ ariwo, kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Mo ra ìwé aláwọ̀ aró kan ní Yábà,
mo wá Akíngbadé lọ, atúnfóònùṣe tó gbé Àǹgólà rí.
Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀, iṣu sísè àti ẹ̀fọ́ lowó ẹ̀kọ́.

Larga o telemóvel: gbé fóònù sílẹ̀.
Olha para mim: wò mí.
Come. Mo dáwọ́ dúró lórí èyí.
Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó nìyí lédè Gẹ̀ẹ́sì,
tí mo ń kọ́ wọn pé "wá" ni.
Àwọn ará ibẹ̀ ní "jẹun" ni.
Ó kúkú yé mi. Ẹni tí a bá ní kó wá,
ṣé kò ní jẹun ni?

Não kò ni mí lára rárá. Imú wa ti ń sọ bẹ́ẹ̀
kí ọkọ̀ wọn tó gúnlẹ̀.

Ọ̀wọ̀ ló dà mí láàmú.
Tiwa, "ẹ" kan ṣoṣo la ó fi síwájú, ó parí.
Tiwọn, ìrù ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń yí:
larga fún ọmọdé, largue fún àgbà.
Mo bi Akíngbadé pé èwo ni kí n lò fún òun,
òun olùkọ́ mi tí èmi náà kọ́ ní ábídí.
Kò dáhùn. Fóònù rẹ̀ ti dún, ó ti wọ inú rẹ̀ lọ,
iṣu ń tutù.
Mo ní, "Larga!"
Ó jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó di irin gbígbóná mú.
"Màmá," ó ní, "ẹ ti yege."

Mo kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ de Tiágò.
Lóru, nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, mo ń tún un pè,
iná fóònù ń tàn sí mi lójú, aago méjìlá ti kọjá:
Não leves o telemóvel para a cama,
má gbé fóònù lọ sórí ibùsùn,
èmi tí mo dùbúlẹ̀ tì í.

Ìgbà náà lohùn rẹ̀ wọlé.
Ó ti rí i pé mo ṣì wà lójúfò. (Òun náà ńkọ́?)
Avó, larga isso. Vai dormir.
Isso nìkan ni n kò tíì kọ́.
Larga ló lò. Ti ọmọdé.
Mo wá largue lẹ́nu rẹ̀, mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta,
kò sí níbẹ̀.
Mo gbé e sílẹ̀.
Ilẹ̀ mọ́ kí n tó rántí pé n kò dá a lóhùn.