Ọ̀fẹ́ Ni Wọ́n Pè É

Èédú ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ògiri ilé-ìwé:
Ọ̀FẸ́ NI. ORIN LÁTÀÁRỌ̀ DÒRU. PÁPÁ BỌ́Ọ̀LÙ, KÀBÀ.
Àràmídé kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò sí ọ̀fẹ́ láyé yìí
àfi òjò; òjò pàápàá a máa gbé páànù lọ.

Síbẹ̀ a lọ.
Àwa mẹ́ta lórí ọ̀kadà Bódúndé,
Bódúndé tí í ka ẹ̀pà kó tó bù fún ọ,
tí í pa ẹ́ńjìnnì bó bá ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́
kí epo má baà ṣòfò.
Láti Ègbẹ̀dá la ti ń bọ̀, ọyẹ́ ń gún wa lójú bí abẹ́rẹ́,
mo fi gèlè ìyá mi di etí,
Àràmídé gbé ẹní dání bí ẹni ń lọ sí ìṣọ́ òru.

Pápá ti kún.
Àwọn ọmọdé ti gorí igi máńgòrò,
àwọn àgbà gbé àpótí ìdáná wọn wá láti ilé,
ẹnìkan so ewúrẹ́ mọ́ òpó góòlù, a ò mọ ìdí.
“Okun o!” “Okun o, ọmọ ìyá mi!”
Òkè ẹ̀yìn ìlú dúdú kirikiri,
ó jókòó bí ẹni tó ti débẹ̀ ṣáájú gbogbo wa.

Ọmọkùnrin kan láti Lọ́kọ́ja ló kọ́kọ́ kọrin,
ó fò, ó yí, ó wọ dígí dúdú lóru,
ó bi wá pé ṣé inú wa dùn. A ní bẹ́ẹ̀ ni.
Kò dá mi lójú pé ó gbọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá kan jáde, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
ará Ìyámoyè, bàtà rẹ̀ kò bára mu.
Kò kí wa. Ó jókòó, ó ta okùn jìtá kan, ó dúró,
ó tún ta á,
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tó mọ̀ pé ènìyàn wà nínú rẹ̀.
Orin obìnrin kan ni, tó ń ro oko kọfí,
tí ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú irin lọ ní Jẹ́bà.

Mo wo Bódúndé. Ètè rẹ̀ ń mì, ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀.
“Orin tí màámi fi ń rin gbágùúdá nìyẹn.”
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún kejì rèé tí a sin màámi rẹ̀.

Ìgbà náà ni jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó kú.
Ìràwọ̀ pọ̀ lójijì.
Ẹni tó ń ṣètò ń sáré sókè sódò: epo tán,
ilé epo ti tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọlé.
Àwọn ènìyàn ń ká ẹní. Ewúrẹ́ ń ké.

N kò rí ìgbà tí Bódúndé dìde.
Ohun tí mo rí ni iná fóònù lábẹ́ máńgòrò,
Bódúndé lórí ìkúnlẹ̀, rọ́bà lẹ́nu,
ó ń fa epo láti inú táǹkì ọ̀kadà ara rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì,
ó ń tutọ́, ó ń ṣépè, ó ń fà.
Bódúndé yìí kan náà, oníṣírò ẹ̀pà!
Àràmídé fọwọ́ bo ẹnu.

Iná tàn. Bàbá náà kò tíì kúrò lórí àga.
Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí obìnrin náà ti ń wo ọ̀nà,
ó kọ ọ́ dé òpin. Ọkọ kò dé.
Ó pẹ́ kí a tó rántí àtẹ́wọ́.

Aago méjì òru, à ń ti ọ̀kadà padà sí Ègbẹ̀dá.
Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ a gùn ún, níbi òkè a sọ̀ kalẹ̀.
Ẹnu Bódúndé ń rùn fún epo,
ó ń kọ orin náà, ohùn rẹ̀ kò tọ́ rárá.
Àràmídé ní, “Ṣé mo wí? Kò sí ọ̀fẹ́.”
Ó ní, “Tì í, jọ̀ọ́.”
À ń tì í.