Ẹ̀ka fún Yìnyín

Ní ìdájí tí yìnyín fọ́ ọgbà àjàrà Bàbá mi ní Telavi,
ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó awùsá, ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré,
ètò tó yẹ kó kìlọ̀ fún wa ń sùn.
Aago márùn-ún ló rọ̀. Aago mẹ́fà ni fóònù mi tó ké:
Ẹ ṣọ́ra, yìnyín ń bọ̀.
Bàbá kà á sókè, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
N ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

Ètò náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀fẹ́ ni, gbangba ló wà.
Ilmari ló ń bójú tó o láti Turku,
níbi tí òun ò ti mọ àjàrà bí kò ṣe nínú ìgò.
Mo ṣe àdàkọ rẹ̀ sí orúkọ ara mi, tìtí tẹ̀ka,
mo sì rí ẹ̀bi náà: aago Finland ló fi ń ka ojú ọ̀run wa.
Mo tún un ṣe. Orí ìtí gan-an ni mo gbé e sí.
Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀ka ṣe? Ìlà mẹ́ta ni.
Lẹ́yìn náà mo fi èdè Georgia kún un.
Lẹ́yìn náà mo pa àwọ̀ bọ́tìnnì dà, torí pupa rẹ̀ ń bí mi nínú.
Mo di gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èsì kúrú bí ọ̀sán ìgbà òtútù:
"O ṣeun. Aago yẹn, mo fẹ́ ẹ.
Èdè yẹn, jẹ́ kí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bọ́tìnnì, rárá.
Báwo ni mo ṣe fẹ́ mú ọ̀kan láìmú mẹ́ta?"

Mo bínú. Mo ní kó máa gbé ìtí rẹ̀ lọ,
àdàkọ tèmi náà ti tó igi.
Oṣù méje ni mo fi ṣe olórí ara mi.
Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ;
tèmi ò gbẹ, ṣe ló kún bolé.
Kí n tó bojú wẹ̀yìn, igba àyípadà ó lé mẹ́tàlá
ti gba orí ìtí wọn kọjá, fáìlì aago ti di méjì.
Mo gbìyànjú àtidà wọ́n pọ̀:
tèmi lókè, tiwọn nísàlẹ̀, àmì láàárín
bí ọmọ ìyá méjì tó ń pín ilé òkú.

Lóṣù Èrèlé, Bàbá mú mi lọ gé àjàrà.
Ẹ má sọ ọ́. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ nípa igi àti ẹ̀ka.
Bàbá ò sọ ohun kan tó jọ ọgbọ́n.
Ó ní ọwọ́ mi lọ́ra, ó ní kí n bu tíì wá.
Àmọ́ ó ń so òwú pupa mọ́ ẹ̀ka kan, funfun mọ́ òmíràn.
"Kí nìyẹn?"
"Èyí tí mo fẹ́ gé, bí inú mi bá rọ̀ lọ́la."

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fa gbogbo ohun tuntun wá láti orísun,
mo da ìtí tèmi padà sí bí tiwọn ṣe rí,
n ò sì fìka kàn án mọ́.
Mo ya ẹ̀ka kan: aago-telavi. Ìlà mẹ́ta, kò lé.
Mo ya òmíràn fún èdè; Nanuli, olùkọ́ ní Sighnaghi,
bá mi kà á, ó rí àṣìṣe méje.
Mo ya ẹ̀kẹta fún bọ́tìnnì, n ò fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni.
Ó wà níbẹ̀ dòní, búlúù, tèmi nìkan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ilmari kọ̀wé:
"Aago ti wọlé. O lè pa ẹ̀ka náà rẹ́."
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè pa á.

Ní Okúdù, aago mẹ́rin ìdájí ku ogún ìṣẹ́jú, fóònù ké.
Bàbá ti wọ bàtà kí n tó jí tán.
A na àwọ̀n bo ọgbà nínú òkùnkùn, àwa àti aládùúgbò mẹ́ta.
Yìnyín ò wá. Òjò lásán ni.
"Òpùrọ́ ni ètò rẹ," ni Bàbá wí, omi ń ro lórí fìlà rẹ̀.

Mo ya ẹ̀ka tuntun kí ilẹ̀ tó mọ́.