Ohùn Òkè

Àwa mẹ́ta la máa ń kọrin lẹ́bàá oko tíì
ní Gúríà, nílẹ̀ Jọ́jíà, níbi tí òjò kì í ti í bi ni kó tó rọ̀.
Anania ń mú àárín, èmi ń gbé ìsàlẹ̀,
Varlam ló ni òkè,
ohùn tó ń fò láti àyà bọ́ sí orí, tó tún ń já wálẹ̀
bí ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ẹ̀ka.
Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù.
Ọdún mọ́kànlélógún, ọbẹ̀ wa ò dànù rí.

Ìgbéyàwó ọmọ Polikarpe ló ti ṣẹlẹ̀.
Varlam la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde,
bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti gbẹ epo.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọtí ni ò tíì tó.
Ó da gíláàsì kan sí i, ọtí èèpo àjàrà
tó ń jó bí kẹrosíìnì.
Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Nargiza, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dókítà ọ̀fun ni ní Bàtúmì.
Ó fi dígí kékeré onírù gígùn wo gògóńgò rẹ̀.
"Bàbá kékeré, awẹ́ méjì péré ni, bí awẹ́ obì,
wọn ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.
Wọ́n ti pọ́n. Kókó ti yọ létí wọn,
irú èyí tí ọkọ́ ń fi sí àtẹ́lẹwọ́."

Ó béèrè bó ṣe ń jí, bó ṣe ń sùn.
Èmi ni mo dáhùn, torí ó ti ní kó panu mọ́:
Tó bá jí, á ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ títí adìẹ á fi sá.
Á pariwo pe màlúù rẹ̀ láti orí òkè dé etí odò;
màlúù náà ò dití, olóríkunkun ni.
Sìgá méjì kí omi kọfí tó hó.
Ọ̀gànjọ́ ló ń jẹ búrẹ́dì oníwàràkàṣì, á sì nà gbalaja,
omi kíkan inú rẹ̀ á gùnkè wá jó ọ̀fun lóru.
Omi tútù ńkọ́? Ó ní ẹja ló ń mu omi.

Nargiza kọ ọ́ sínú ìwé:
ọjọ́ mẹ́rìnlá, kó má sọ̀rọ̀,
kó má tiẹ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́,
wúyẹ́wúyẹ́ náà ń ha á.

Ó ra agogo, ó ń mì í fún màlúù.
Ó ń fi ọwọ́ jà, ó ń fi ojú búra.
Lọ́jọ́ kẹfà, ìyàwó rẹ̀ Makvala sọ fún mi pé:
"Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀,
ọ̀sẹ̀ yìí ló gbọ́."

Èmi àti Anania kọrin lálẹ́ ọjọ́ kan.
A fi àyè òkè sílẹ̀ gbayawu.
Varlam jókòó sórí kùkùté, ètè rẹ̀ ń mì.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́,
ojú rẹ̀ fún bí ẹni tó mu agbo.
Ó kùn sínú ná, pẹ̀lú ẹnu pípadé.
Lẹ́yìn náà ó gbé e.
Kò dé ẹ̀ka àtijọ́. Ó ku díẹ̀.
Anania wò mí, èmi náà wò ó,
a sọ orin náà sílẹ̀ kó lè bá a nílẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ odò, màlúù gbórí sókè.
Kò sẹ́ni tó pè é.
Ó ń bọ̀.