Èkùrọ́ Mẹ́sàn-án

Ọ̀kadà já mi sílẹ̀ níbi tí ọ̀dà títì parí sí,
lẹ́yìn Abẹ́òkúta, lápá ibi tí Odò Ògùn ti ń yà bàrá.
Mo ní, "Ìdí-Ìyeyè ńkọ́? Ó kù bíi mélòó?"
Ọlọ́kadà ní, "Kò jìnnà. Bí o bá jẹ àgbàdo sísun kan tán, o ti débẹ̀."
Mo kọ ọ́: kìlómítà mẹ́ta àti díẹ̀.
Fọ́ọ̀mù kò ní àyè fún àgbàdo.

Ẹ̀rọ ọwọ́ mi gbójú sókè, ó ń wá sátẹ́láìtì,
ó wá a títí òógùn fi bò mí.
Nígbà tó rí i, ó ya ilẹ̀ náà fún mi:
ewé, ewé, ìlà odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan,
kò sí ilé kankan.
Bẹ́ẹ̀ àkùkọ kan ń kọ létí mi,
èéfín sì ń rú lórí ilé mẹ́rìndínlógún.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri,
oókan, eéjì, ẹẹ́ta, láti ẹ̀bá odò wá sókè.
Kí n tó dé ilé kẹjọ,
ewúrẹ́ Bàbá Ṣómóyè ti lá ilé kẹta jẹ.
Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e:
"Kí ìjọba tó mọ̀ wá, ewúrẹ́ ti pa wá rẹ́."

"Ẹ̀yin ará ibí..."
"Ta ni ará ibí? Ìtòkò nilé wa. Oko la wà."
Ọgọ́ta ọdún ló ti wà lóko.
Ilé karùn-ún: Ìgbẹ̀in nilé wa.
Ilé keje: Kémta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta ńlá náà.
Òkú wọn pàápàá, ìlú ni wọ́n ń gbé e lọ.
Ibi tí ènìyàn sùn mọ́jú ni wọ́n ní kí n kọ,
kì í ṣe ibi tí wọn yóò sin ín sí.
Mo kọ ọ́: Ìdí-Ìyeyè.
Wọ́n wò mí bí ẹni tó jí ilé wọn gbé.

Ilé kejìlá ni ti Ìyá Efúnwùnmí.
Ó jókòó ti ọlọ, ó ń pa èkùrọ́.
"Ìyá, ọmọ mélòó ló wà nínú ilé yìí?"
Òkúta dúró lọ́wọ́ rẹ̀.
"A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ.
Ewúrẹ́ la ń kà. Ebè la ń kà."
Mo ní tèmi kọ́, àṣẹ ni. Mo fi káàdì ọrùn mi hàn án.
Ó wò ó, ó ní mo sanra nínú àwòrán ju báyìí lọ.
Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá bu èkùrọ́ sínú igbá,
ó ń jù ú síwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kò dárúkọ ẹnì kankan:
"Ìwọ ka èkùrọ́. Èmi ò bá ọ ka ọmọ."

Èkùrọ́ mẹ́sàn-án.
Ọmọ tí mo rí lágbàlá, mẹ́jọ.
Mo tún un kà. Ojú ni mo fi kà á, n ò nàka.
"Ìyá, ọ̀kan lé."
"Kò lé. Ṣóbándé nìyẹn,
bàbá àwọn méjì tó ń fa ewúrẹ́ nírù yẹn.
Ó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ, ọdún karùn-ún rèé."
Mo ka ìbéèrè náà fún un bí wọ́n ṣe kọ ọ́:
Ta ni ó sùn nínú ilé yìí ní òru àná?
"Ó sùn níbí," ó ní. "Mo gbọ́ bó ṣe ń hanrun."

Ní ọ́fíìsì, lábẹ́ fáànù tí kò yí,
ọ̀gá mi ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ilé mẹ́rìndínlógún,
ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́rin, kànga kan, ilé ìwé kò sí.
Ó ní, "Ilé kejìlá. O pa nǹkan rẹ́ níbí.
Mẹ́jọ ni àbí mẹ́sàn-án?"
Òjò ti ń ṣú lórí páànù dídípẹtà ìlú.
Ọwọ́ mi wà nínú àpò, ó ń yí èkùrọ́ kan.
Mo ní kó jẹ́ kí n tún un wò.